Ìwà Mọ́tò Torquil

Ní erékùṣù Hallasay, kò sẹ́ni tí ń yọ kọ́kọ́rọ́ lára mọ́tò. Bí o bá yọ ọ́, àwọn ará ibẹ̀ á rò pé ara rẹ ò yá, tàbí pé o ti gbé ìlú ńlá Glasgow pẹ́ jù. Ẹnu ihò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà, torí ó lè di dandan kí ẹlòmíràn sún mọ́tò náà kúrò lójú ọ̀nà, kó fi gbé aláìsàn, tàbí kí òjò ká a mọ́ etí òkun kó sì wà á lọ sílé. Bó bá di ọjọ́ kejì, wàá rí mọ́tò rẹ ní ẹnu ọ̀nà rẹ, epo inú rẹ̀ á sì pọ̀ ju bí o ti fi í sílẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ ìwà mọ́tò. Ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò lórí ilẹ̀ ńlá kò kan Hallasay. Òfin fúnra rẹ̀ ló yọ irú erékùṣù kékeré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí afárá tó dé ibẹ̀. Ìwà mọ́tò ni àyẹ̀wò tiwọn. Ilé ìtajà Beathag ni wọ́n ti ń sọ ọ́, bí wọ́n bá ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Jíà kejì mi ti ń ṣàgídí o. Ẹ kàn fò ó."

"Ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì mi, ẹ má fara tì í."

"Ti èmi, bí ẹ bá tan iná, wáípà á kú. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ ríran."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ẹni tó bá wọ mọ́tò rẹ lọ́la ti mọ ohun tó ń bá lọ. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ní àléébù tí kò sọ ọ́, wọn ò ní orúkọ fún un, torí kò tíì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí.

Torquil Buie ni ó ń tún àwọn mọ́tò náà ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ apẹja bàbá rẹ̀ palẹ̀ sórí aṣọ ìbusùn ìyá rẹ̀, ó sì tò ó padà, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò kan bá ń gun òkè bọ̀, Torquil á dá iṣẹ́ dúró, á tẹ́tí, á sì sọ ohun tó ń ṣe é kí mọ́tò tó yọ. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn orin. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti sọ fún Beathag pé bíréèkì rẹ̀ dà bí ìlérí olóṣèlú, pé èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí, á sì dúró de ọdún mìíràn. Ó ti sọ fún àlùfáà pé àdúrà nìkan ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mọ́tò méjì ni òun náà ní. Èyí tó dára ni ó ń wà lójú títì, ó sì ní ìwé adójútòfò rẹ̀ pé. Èkejì ni mọ́tò etí òkun, ògbólógbòó kan tí iyọ̀ ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán, tó fi ń kó ewéko òkun, oúnjẹ àgùntàn àti àwọ̀n edé láàárín ilé rẹ̀ àti pápá ìjẹko tí gbogbo abúlé jọ ni. Géètì wà lẹ́nu pápá náà, mọ́tò yẹn kì í sì í kọjá rẹ̀ sójú títì ìjọba. Nítorí náà kò ní ìwé àyẹ̀wò, kò ní adójútòfò, kò sì pọn dandan kó ní. Lójú òfin, ó dà bí kẹ̀kẹ́ ọgbà.

Ìwà mọ́tò yìí ni Torquil kò sọ.

Bíréèkì kì í ṣe ohun awo. Ẹsẹ̀ ló ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ló ń ti irin, irin ló ń di táyà mú. Ọ́ìlì kì í sún pọ̀, ìyẹn ni agbára ẹsẹ̀ fi ń dé ibi táyà láìdín kù. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá lu, ọ́ìlì á máa jò, afẹ́fẹ́ á sì gba ipò rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì rèé, bí ìrọ̀rí ló ṣe ń sún pọ̀. Ẹsẹ̀ á tẹ̀, ìrọ̀rí ni á tẹ̀, táyà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà òtútù ni Torquil ti rí i pé páìpù tó lọ sí ẹ̀yìn ti ń lu. Ó rí ibi tí ìpẹtà ti wú bí eéwo. Ó ní ìgò ọ́ìlì kan lábẹ́ ìjókòó tó fi ń kún un láràárọ̀, ó sì ti mọ̀ ọ́n lára láti tẹ bíréèkì náà léraléra kó tó gbera, títí tí á fi le díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wọ ilẹ̀kùn tó kúrú.

Ó ti ra páìpù tuntun. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó nínú ahéré iṣẹ́ rẹ̀, inú bébà tí wọ́n fi dì í ló ṣì wà. Mọ́tò àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ́kọ́ tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni, báwo ni á ṣe wọ ilé ìtajà lọ sọ fún Beathag pé, "Bíréèkì mi ti kú"? Títí di ọdún Kérésìmesì ni á fi máa gbọ́ ọ. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ náà, Effie Darroch, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Una, rìn wá sí ilé Torquil. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló ń gbé pẹ̀lú àgùntàn rẹ̀ àti ajá adaran kan tó ń jẹ́ Fraoch. Mọ́tò tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Torquil fún àtúnṣe. Torquil ti lọ gbé àwọ̀n edé lójú omi. Ìyá Una rí mọ́tò etí òkun, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe yẹ. Ó di àpò oúnjẹ àgùntàn sẹ́yìn, Fraoch bẹ́ sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, wọ́n gba inú pápá gòkè lọ. Gígòkè ò nílò bíréèkì. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni mọ́tò náà já wáyà ọgbà, tó sì forí sọ kòtò.

Torquil ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, torí ó rí i láti ojú omi. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí ìyá náà, ó sì di ìhà rẹ̀ mú. Ajá jókòó tì í, kò sóhun tó ṣe é.

"Ẹsẹ̀ mi ni, Torquil," ni Ìyá Una wí. "Mo fẹ́ tẹ bíréèkì, mi ò rí i. Èkejì, èyí tó ń mú mọ́tò sáré, ni mo tẹ̀. Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, mi ò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Torquil sọ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, wọn ò ju mélòó kan lọ. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ojú ìyá náà, ó sì ní:

"Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, Ìyá Una."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti fẹ́ fojú ba oorun, ọ̀rọ̀ náà ni ó máa ń gbọ́.

*

Egungun ìhà Ìyá Una méjì ló sán, wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó ti ń rìn káàkiri ni wọ́n rán ọlọ́pàá wá láti ilẹ̀ ńlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rennie. Òkun ti yọ ọ́ lẹ́nu, ojú rẹ̀ funfun bí wàrà. Torquil ti ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí dókítà. Ó mú un jókòó nínú ahéré, ó fún un ní tíì, ó sì dúró kí ó bá òun wí.

Rennie yọ kálámù. "Ọ̀gbẹ́ni Buie, ṣé mọ́tò yìí ní ìwé àyẹ̀wò?"

"Kò ní."

"Adójútòfò ńkọ́?"

"Kò ní."

"Nọ́ńbà?"

"Mo fi nọ́ńbà rẹ̀ dí ihò ilé adìyẹ."

Rennie fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì pẹ̀lú tíì. "Ó dáa. Kò pọn dandan kó ní ìkankan. Àyẹ̀wò kò kan erékùṣù yín. Adójútòfò, ojú ọ̀nà ìjọba ló wà fún. Mo ti lọ wo ibẹ̀. Inú ọgbà ni, wọ́n ti géètì rẹ̀. Ẹ ò rú òfin kankan."

"Bíréèkì rẹ̀ ti bàjẹ́," ni Torquil wí. "Mo mọ̀ kí Ìyá Una tó wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Kálámù dúró. "Ìyá náà sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ló ṣì í."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

Torquil wo ìṣó tí páìpù tuntun wà. Rennie náà wo ibẹ̀, kò mọ ohun tó ń wò.

"Ẹ gbọ́, bàbá," ni ọlọ́pàá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ká ní ojú títì ni, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí, èmi àti ẹ̀yin la ó jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ṣùgbọ́n nínú pápá yín, kò sí ohun tí mo lè fi í ṣe. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ kò sí nínú ìwé mi."

"Ẹ kọ ọ́ náà."

"Kí n kọ kí ni? Pé ọkùnrin kan ní mọ́tò tó bàjẹ́ nínú pápá abúlé rẹ̀? Ọ̀gá mi á ní òkun ló ń pa mí." Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì dìde. "Èmi kọ́ lẹ ó gbé ẹrù yìí fún. Ẹni tí ẹ ó gbé e fún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dárúkọ rẹ̀."

Síbẹ̀, ọkàn Torquil fúyẹ́ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá lọ. Ó ti sọ ọ́ síta, òfin sì ti gbọ́, ó ní òun ò jẹ̀bi. Ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó súfèé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ ti wúwo padà, ó tún wúwo ju tàná lọ. Gbèsè tí èèyàn san fún ẹni tí kò jẹ lówó, ṣé ó san án ni? Tẹ́lẹ̀, ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù òfin ló di òun lẹ́nu. Nísinsìnyí òfin ti lọ sílé, ẹnu rẹ̀ ṣì dì.

*

"O ti gbọ́?" ni Beathag wí nígbà tí Torquil wọ ilé ìtajà wá ra búrẹ́dì. "Ìyá Una ń lọ. Una ti wá mú un. Ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa wọ̀."

"Lọ síbo?"

"Glasgow. Yàrá kan nílé Una, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ. Ó ti ta àgùntàn. Ó ní bí ẹsẹ̀ ò bá gbọ́ràn mọ́, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló yẹ kó gbọ́." Beathag ka búrẹ́dì sínú àpò. "Kò wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbí nínú òjò. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e, ó ní rárá, kí n máa bá mọ́tò olóṣèlú mi lọ. Ṣé o rí bí o ṣe kọ́ wọn?"

Ó dúró kí Torquil fún un lésì. Torquil gba àpò búrẹ́dì, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ara rẹ ò yá ni?" ni Beathag bi í.

Láti ibẹ̀ ló gba ilé Ìyá Una lọ, ó ti pinnu. Ó ń tún un sọ lẹ́nu bó ṣe ń lọ: bíréèkì ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Gbólóhùn kan péré. Ó kan ilẹ̀kùn. Una ló ṣí i, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, obìnrin gíga tó ń yára sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Torquil, ẹ wọlé. Ẹ bá mi sọ fún un pé aago ògiri ò lè bá wa lọ."

"Aago bàbá mi ni," ni Ìyá Una wí láti ìdí ààrò. "Ó ti ń fi wákàtí kan yára láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Bó bá dé Glasgow tí gbogbo wọn ti ń kánjú, ó máa bá wọn mu. Jókòó, Torquil. Bísíkíìtì wà, Una ò tíì dì í."

Ó jókòó. Ìyá náà jókòó síwájú rẹ̀. Ó ti rù. Torquil sì rí ohun kan tí kò fẹ́ rí: bí ìyá náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ó ń gbé e láti orí pákó ilẹ̀ kan sí òmíràn, pẹ̀lẹ́, ó ń tẹ̀, ó ń gbé e padà.

Ìyá Una rí i pé ó ń wò. "Mò ń dán an wò," ni ó wí. "Láràárọ̀ ni mò ń dán an wò. Kò ṣì í rí níbí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Bó bá ń ṣì í ní gbogbo ìgbà, màá mọ ibi tí mo dúró sí."

"Ìyá Una."

"Ká ní ọmọ kan wà nínú pápá ńkọ́? Èyí tí mò ń rò nìyẹn. Ṣé o rí i, mi ò mọ ìgbà tó máa tún ṣe é. Mo ní kí n lọ kó tó pa ẹnì kan."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó mu tíì rẹ̀," ni Una wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ yára dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Wọn ò yéé sọ ọ́. Wọ́n ní ohun tí ẹ sọ fún wọn ló gbé wọn ró."

Torquil wo inú ife. Bí ọ̀bẹ bá wọnú ara, yíyọ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dà. Ó gbọ́ tí ẹnu òun ń béèrè ohun tí Fraoch máa ṣe.

"Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nìyẹn," ni Ìyá Una wí. "Una ò láyè fún ajá. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ kó wà. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Ó gba okùn ajá náà, ó sì jáde.

*

Fraoch kò gbà láti wọ ilé Torquil. Ó yí àgbàlá ká, ó ń gbóòórùn, ó sì bá mọ́tò etí òkun níbi tí wọ́n wọ́ ọ padà sí lẹ́yìn ahéré, iwájú rẹ̀ ti rún. Kò sí gíláàsì nínú fèrèsé mọ́. Ajá náà bẹ́ wọlé, ó jókòó sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ó sì kọjú síwájú, bí ajá ṣe ń jókòó tó bá ń dúró de awakọ̀.

Torquil pè é. Kò dáhùn. Ó mú ẹran wá, ajá jẹ ẹ́, kò kúrò. Oúnjẹ alẹ́ ti kọjá, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀, oòrùn ṣì wà lójú òkun. Torquil ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì jókòó sẹ́yìn sítíárìn láti gbá ajá náà mú.

Láìronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó dáwọ́ dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dúró títí tí ọ́ìlì ìyókù fi sá padà, ó sì tún un tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni tí kò mọ mọ́tò náà rí. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Pẹ́dà náà lọ sílẹ̀ ráúráú títí tó fi kan irin.

Ohun tí ìyá náà bá nìyí, lórí òkè, tí kòtò wà níwájú rẹ̀. Torquil ti mọ páìpù náà láti ìgbà òtútù, ó mọ ibi tó ti lu àti bó ṣe ń jò, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ̀ ẹ́ bí ìyá yẹn ṣe tẹ̀ ẹ́ rí. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ajá náà. Ó wá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá sọ ọ́, ìyá náà á rò pé àánú òun ló ń ṣe é, pé ó ń gba ẹ̀bi lásán kí òun má bàa lọ. Ẹni tí ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀ kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹsẹ̀ náà ló yẹ kí á bá sọ ọ́.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò Ìyá Una tí Torquil ti tún ṣe tán ló wà lọ sí ilé ìyá náà. Àwọn àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi ti ń yọ lókèèrè.

"Ìyá Una, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé mi."

"Nísinsìnyí? Fraoch ńkọ́, ó ti bu ẹnì kan jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ò ní dúró," ni Una wí.

"Kò ní pẹ́," ni Torquil wí. Ojú rẹ̀ ni Ìyá Una wò, ó sì wọ mọ́tò láìbéèrè mọ́.

Ó mú un lọ sẹ́yìn ahéré. Fraoch ṣì wà lórí ìjókòó, ó ju ìrù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí ìyá náà rí mọ́tò náà, ó fà sẹ́yìn.

"Mi ò fẹ́ wo èyí, Torquil."

"Ẹ jókòó sẹ́yìn sítíárìn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú, kò lè lọ síbì kankan."

Ó jókòó, ó di ìhà rẹ̀ mú. Torquil kúnlẹ̀ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ tẹ bíréèkì."

Ìyá náà ká etí aṣọ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó wolẹ̀ kó lè rí i dájú. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pẹ́dà, ó sì tẹ̀. Pẹ́dà náà lọ sílẹ̀, ó kan irin. Ó wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ léraléra, títí ó fi le díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ó ti ń wakọ̀ fún àádọ́ta ọdún. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Kòtò yẹn ló ṣe é bẹ́ẹ̀?" ni ó bi í jẹ́jẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni, ó gbòòrò bí ẹnu géètì. Ọkàn Torquil wò ó.

"Rárá. Bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Páìpù rẹ̀ lu láti ìgbà òtútù. Èmi ń tẹ̀ ẹ́ léraléra kí n tó gbéra ni. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ ọ́."

"O ò sọ ọ́ ní ilé ìtajà."

"Ojú ń tì mí."

Ìyá Una kò wò ó. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, bí ìyá tó na ọmọ lórí ẹ̀sùn tí ọmọ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè, ó ti wọ èbúté.

"Mo sọ ọ́," ni ó wí. "Nínú kòtò. Mo sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ mi ni, o sì dá mi lóhùn."

"Mo mọ̀."

"O fi aṣọ ara rẹ nu ojú mi, o sì dá mi lóhùn. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń bá ẹsẹ̀ mi jà ní ilé ìdáná, o mọ̀. O mu tíì mi. O gba ajá mi."

 Torquil wà lórí eékún níbẹ̀, omi koríko ń wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọlọ́pàá yẹn ńkọ́?"

"Mo sọ fún un. Ó ní mi ò rú òfin."

"Ó ṣeni láàánú," ni Ìyá Una wí. "Ká ní ó gbé ọ lọ ni, ara ì bá tù ọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ké sí Fraoch. Ajá náà fò jáde tẹ̀lé e. Ó rìn dé ibi tí mọ́tò tirẹ̀ wà, ó sì dúró níwájú ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Nígbà tó jókòó tán, tí ajá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yí fèrèsé sílẹ̀.

"Kí ni ìwà rẹ̀?"

Torquil sún mọ́ ọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀: bíréèkì dára, ó ti tú u wò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kílọ́ọ̀ṣì ń gbé lókè díẹ̀, bẹ́líìtì kan ń ké bí òjò bá rọ̀, kò léwu, bíréèkì ọwọ́ ń di mú lọ́wọ́ kan ju èkejì lọ, òun ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ó sọ èyí tó ti tún ṣe, ó sọ èyí tó ṣẹ́kù. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó tẹ bíréèkì, ẹ̀ẹ̀kan. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òkúta. Ó ṣáná sí mọ́tò náà, ó sì wà á jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gba ọ̀nà ilé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà èbúté. Una nìkan ni ọkọ̀ ojú omi gbé lọ.

Ní ọ̀sán yẹn, Torquil lọ sí ilé ìtajà, ó sì sọ ìwà mọ́tò etí òkun, níwájú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé kòtò. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Beathag fi búrẹ́dì rẹ̀ sínú àpò, ó sì gbé e fún un láìwí nǹkan kan, ìyẹn sì dùn ún ju ẹ̀rín lọ.

Wọ́n ṣì ń gbé mọ́tò wọn wá fún un. Ta ni wọn ì bá gbé e fún? Ìyá Una náà gbé tirẹ̀ wá nígbà tí bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí ké jù. Ó ra àgùntàn mẹ́rin padà. Ó dúró ti Torquil títí tó fi ṣe é tán, ó béèrè ohun tó yẹ, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ojú títì Hallasay kò gbà ju mọ́tò kan lọ. Bí méjì bá pàdé, ọ̀kan á yà sí ibi tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èkejì á kọjá, awakọ̀ méjèèjì á sì gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn. Ìkíni wọn nìyẹn. Wọ́n ń gbé e fún àlejò, wọ́n ń gbé e fún ọlọ́pàá, wọ́n tilẹ̀ ń gbé e fún ẹni tí wọ́n jọ ń jà nítorí ààlà ilẹ̀.

Torquil pàdé Ìyá Una ní ìsàlẹ̀ òkè nígbà tí ewé ti ń pọ́n. Ìyá náà ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ bíréèkì, mọ́tò rẹ̀ dúró wọ́ọ́. Torquil kọjá jẹ́jẹ́, ó gbé ìka rẹ̀ sókè. Fraoch yí orí tẹ̀lé e. Ìyá Una kọjú síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di sítíárìn mú, kò gbé ìka kankan, ó sì dúró títí tí Torquil fi kọjá tán kó tó padà sójú ọ̀nà.